Ọjọ́ Tí Mo Ki Ojú Bọ Òkun Nítorí Iyùn

Iyùn ni iṣẹ́ ìdílé wa ní Oǹdó. Ìyá mi sín in, ìyá tó bí wọn sín in, èmi náà sì ti ń sín in láti ìgbà tí ọwọ́ mi ti lè di abẹ́rẹ́ mú. Nígbà tí mo lọ́kọ sí Àkúrẹ́, mo gbé iṣẹ́ náà dání, mo sì gba ìsọ̀ kékeré kan lẹ́bàá ọ̀nà tó wọ Ìjàpò. Àwọn tó fẹ́ jẹ oyè, àwọn tó fẹ́ gbé ìyàwó, àwọn tí okùn ìlẹ̀kẹ̀ bàbá wọn já lẹ́yìn tí bàbá ti kú, gbogbo wọn ni wọ́n ń wá.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí ẹni tó ń ka ìwé yìí mọ̀ ṣáájú. Nílé wa, ọwọ́ ni a fi ń mọ iyùn, kì í ṣe ojú. Bí oníbàárà bá kó ìlẹ̀kẹ̀ pupa dé, tó ní iyùn gidi ni, a kì í kọ́kọ́ wò ó. A ó di ojú wa, a ó sì mú ẹyọ kan sí àárín àtàǹpàkò àti ìka tó tẹ̀lé e. Iyùn gidi a máa tutù, a sì máa wúwo ju bí ó ṣe rí lọ. Àwọn ìlà tín-ín-rín wà lára rẹ̀ tí ojú lè fò dá, ṣùgbọ́n tí èékánná kò ní ṣàì gbọ́. Ike ní tirẹ̀ a máa yọ̀, a sì tètè gba ooru ọwọ́. Ojú ìyá mi ti ń ṣú láti ìgbà díẹ̀ wá, síbẹ̀ wọn a ti ṣa ojúlówó kúrò lára ayédèrú kí èmi tó rántí ibi tí mo fi awò mi sí.

Mo ti kọjá àádọ́ta ọdún kí n tó padà sílé ìwé. Èyí kì í ṣe ìtàn tó gùn. Mo fi ìwé sílẹ̀ nígbà tí mo wà lọ́mọdé, mo tọ́ àwọn ọmọ mi títí wọ́n fi gboyè, nígbà tí ilé sì wá dákẹ́, mo forúkọ sílẹ̀ ní kíláàsì alẹ́ tí wọ́n ń ṣe fún àgbàlagbà ní Àkúrẹ́ níbí. Bí mo bá ti ti ìsọ̀ mi pa, ibẹ̀ ni mò ń gbà lọ. N kì í ṣe ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ ń sáré. Mo máa ń ka ojú ewé kan títí yóò fi yé mi kí n tó ṣí òmíràn, n kì í sì í nawọ́ nínú kíláàsì àfi bí mo bá ti ro ọ̀rọ̀ náà lọ tí mo tún rò ó bọ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, tíṣà tó ń kọ́ wa ní Báyọ́lọ́jì ń ka orúkọ àwọn ẹranko tí kò ní eegun ẹ̀yìn. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni, ó mọ iṣẹ́ rẹ̀, ó sì ń bọ̀wọ̀ fún wa. Ó ka ekòló, ó ka ìgbín, ó ka edé. Lẹ́yìn náà ni ó kọ iyùn sójú pátákó.

Mo nawọ́.

"Ẹ jọ̀ọ́, Tíṣà, ṣé kì í ṣe pé ẹ ṣi ọ̀rọ̀ yẹn kọ?"

"N kò ṣì í kọ, Mọ́mì. Ẹranko ni iyùn."

Ọkùnrin kan tó ń lẹ táyà ní ọ̀nà Ọ̀bà-Ilé ló máa ń jókòó sẹ́yìn mi. Kò jẹ́ kí tíṣà mí tó fi dá sí i. "Ẹ gbọ́ nǹkan. Ṣé pé òkú ẹran ni Mọ́mì wa ti ń so mọ́ àwọn ìjòyè lọ́rùn láti ọjọ́ yìí wá? Mọ́mì, ṣé ẹ máa ń fi iyọ̀ sí i ni?"

Kíláàsì rẹ́rìn-ín títí. Mo dúró kí wọ́n rẹ́rìn-ín tán.

"Tíṣà, mo ti ń sín iyùn kí ẹ tó dáyé. Bí ó bá jẹ́ ẹran, kí ló dé tí eṣinṣin kò bà lé e rí?"

"Ilé rẹ̀ ni ẹ ń sín, Mọ́mì. Onílé ti kú kí ó tó dọ́wọ́ yín. Ẹ fi wé ìkarahun ìgbín."

"Ṣé ẹ ti fojú rí i láàyè rí?"

Olóòótọ́ ni. "Rárá o. Inú ìwé ni mo ti rí i."

"Èmi náà, inú ìsọ̀ ni."

Ibẹ̀ ni a fi í sí. N kò bá ìwé jà, n kò sì gbà á gbọ́ tán.

Nígbà tí mo lọ kí ìyá mi ní Oǹdó ní ọjọ́ ìsinmi tó tẹ̀lé e, mo ro ẹjọ́ náà fún wọn lẹ́yìn tí a ti ṣọ́ọ̀ṣì dé. Ìlẹ̀kẹ̀ kan ni wọ́n ń tún sín. Wọn kò dá ọwọ́ dúró. Ohun tí wọ́n sọ, èdè Oǹdó ni wọ́n fi sọ ọ́. Èmi ni mo ń tò ó sí Yorùbá àjùmọ̀lò níbí.

"Ẹranko báwo? Igi ni. Igi abẹ́ omi ni iyùn. Ìyá mi ló sọ fún mi, ìyá tiwọn ló sì sọ fún wọn."

Wọ́n na ọwọ́ sẹ́yìn, wọ́n mú ẹ̀ka iyùn kan tí a kò tíì gé rí láti inú àpótí, ohun àjogúnbá ni. Ó yà sọ́tùn-ún, ó yà sósì, bí ẹ̀ka igi ọsàn tí ewé ti rẹ̀ dànù.

"Ta ló rí ẹranko tó ń yọ ẹ̀ka?"

Òkúta ni gbogbo ọjà ń pè é. Igi ni ìyá mi ń pè é. Tíṣà mi ní ẹranko ni. Kò sì sí ẹnikẹ́ni nínú wa tó tíì dé ilé rẹ̀.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni ọmọbìnrin mi bímọ. Etíkun ilẹ̀ Kẹ́ńyà ni òun àti ọkọ rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́. Bí àṣà wa, èmi ni mo gbọ́dọ̀ lọ wẹ ọmọ fún un, kí n sì tọ́jú òun náà títí ara rẹ̀ yóò fi le. Ọ̀dọ̀ ìyá mi ni mo wà nígbà tó pè mí láti bá mi sọ ọ̀rọ̀ ìrìnàjò, fóònù sì wà ní gbangba tí gbogbo wa ń gbọ́ ọ. Láàárín ọ̀rọ̀ ló sọ pé òkun kò jìnnà sílé wọn, pé iyùn wà nínú rẹ̀ lọ bẹẹrẹ, tó fi jẹ́ pé bí omi bá ti fà, ènìyàn lè fẹsẹ̀ rìn dé ìdí rẹ̀.

Ìyá mi gbé ìlẹ̀kẹ̀ ọwọ́ wọn kalẹ̀. N kò rántí ìgbà tí mo rí wọn tí wọ́n gbé ìlẹ̀kẹ̀ kalẹ̀ láìtíì so ojú okùn rẹ̀.

"O gbọ́ ohun tó wí?"

"Mo gbọ́, Màmá."

"Bí o bá dé ibẹ̀, bá mi wò ó. Ọwọ́ mi ṣì wà, ojú ni ó ti lọ. Ìwọ ni ojú mi. Bí ó bá jẹ́ igi, sọ pé igi ni. Bí ó bá jẹ́ ẹranko, má ṣe torí pé ìyá rẹ ni mí kí o purọ́ fún mi. Gbogbo ayé mi ni mo fi di nǹkan yìí mú. Mo fẹ́ mọ ohun tí mo dì mú kí n tó lọ."

Mo ní màá wò ó. Ó rọrùn láti wí. Ohun tí n kò sọ fún wọn, nítorí pé wọ́n mọ̀ ọ́n jù mí lọ, ni pé omi ń bà mí lẹ́rù. Ní kékeré, mo yọ̀ ṣubú sínú odò kan lọ́nà oko, omi sì gba imú mi wọlé kí àgbà kan tó fà mí yọ. Láti ọjọ́ náà, n kò jẹ́ kí omi bo ojú mi mọ́. Bí mo bá ń wẹ̀, kànìnkànìn tútù ni mo fi ń nu ojú. Bí òjò bá bá mi lọ́nà, ọwọ́ mi a lọ síwájú orí fúnra rẹ̀. Mo ṣírò ọ̀ràn náà, mo sì rí i pé kò le: bí iyùn bá wà níbi tí omi kò ti kọjá orúnkún, màá bẹ̀rẹ̀, màá na ọwọ́, màá dì í mú. Ọwọ́ mi yóò sọ ohun tó jẹ́ fún mi. Ojú mi kò ní láti dé ọ̀dọ̀ omi rárá.

Mo di ọṣẹ dúdú, àdín, kànìnkànìn àti edé gbígbẹ, mo sì lọ. Mo fi okùn iyùn kan sọ́rùn, èyí tí ó pupa jù nínú tèmi, kí n lè fi wé èyí tí mo bá rí.

Nígbà tí ara ọmọ mi ti le díẹ̀, ó bá mi wá obìnrin kan tó ń mú àlejò wo inú òkun. Ẹgbẹ́ mi ni obìnrin náà, ọmọ apẹja, ẹsẹ̀ rẹ̀ gbòòrò, ohùn rẹ̀ sì rọ̀. Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò pọ̀, tèmi náà sì jẹ́ ti kíláàsì alẹ́, nítorí náà a ń sọ̀rọ̀ ní sùúrù, a sì ń gbọ́ ara wa yé.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí òun àti èmi lọ, òkun ti fà sẹ́yìn. Iyanrìn etí rẹ̀ funfun bí iyọ̀ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gún. Omi tó kù láàárín etíkun àti ibi tí ìgbì ti ń fọ́ mọ́ gaara débi pé mo ń wo èékánná ẹsẹ̀ mi nínú rẹ̀. Lọ́ọ̀ọ́kán, níbi tí ìgbì ti ń fọ́, ìlà funfun kan nà lọ gbọọrọ bí aṣọ tí a sá sórí okùn. Obìnrin náà ní òkìtì iyùn ni ó dá ìgbì dúró níbẹ̀, pé bí kò bá sí i ni, òkun ì bá ti jẹ ilẹ̀ wọn tán. A wọ bàtà rọ́bà nítorí àwọn ohun dúdú ẹlẹ́gùn-ún tó ba síbẹ̀ bí ọmọ òòrẹ̀. Mò ń tẹ̀ lé ipa ẹsẹ̀ rẹ̀ gan-an. Omi kò kọjá orúnkún mi.

Nígbà tó yá, ó dúró. Mo wò yíká.

"Iyùn náà dà?"

Ó tọ́ka sí ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ mi.

Mo wò ó. Òkìtì kan ni, àwọ̀ rẹ̀ dà bí àkàrà tó jóná díẹ̀. Òmíràn wà lẹ́yìn rẹ̀ tó ní àwọ̀ ewé, òmíràn rí wúruwùru lójú bí ọpọlọ màlúù lórí igbá alápatà. Mo fa ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn mi, mo nà án sókè omi. Kò sí èyí tó jọ ọ́. Kò sí pupa kankan. Ó dùn mí, n kò ní purọ́. Mo ti rò pé màá bá a ní pípọ́n bí ọjọ́ oyè.

Mo ṣe ohun tí a ń ṣe nílé wa. Mo di ojú mi, mo bẹ̀rẹ̀, mo na ọwọ́.

Obìnrin náà gbá mi lọ́rùn ọwọ́ mú.

"Hapana, mama."

Hapana ni "rárá" lédè wọn. Ó rọra ṣàlàyé pé a kì í fọwọ́ kàn án. Òróró ara ènìyàn a máa ṣe é níbi, ẹsẹ̀ àti ọwọ́ àlejò sì ti pa ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kì í tètè dàgbà. Ó ní ojú nìkan ni a fi ń kí i.

Mo ní, "Níbi tí mo ti wá, ọwọ́ nìkan ni."

Mo sọ iṣẹ́ mi fún un, mo sì fi bí a ṣe ń di ojú hàn án. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di orúnkún mú.

"Ó dáa. Jẹ́ kí ọwọ́ sinmi lónìí, kí ojú ṣiṣẹ́."

Ó yọ awò kan láti inú àpò rẹ̀, irú èyí tó ń bo ojú àti imú papọ̀, pẹ̀lú ọ̀pá oníhò tí ènìyàn ń fi ẹnu mí nínú rẹ̀. Ó ní láti òkè omi, gbogbo wọn jọ òkúta. Ìgbà tí ènìyàn bá ki ojú bọ inú rẹ̀ ni yóò tó rí wọn.

Mo gba awò náà, mo wò ó, mo sì dá a padà. Mo ní ó yá, ká máa lọ sílé.

Ní gbogbo ọjọ́ náà, ohùn ìyá mi kò kúrò létí mi. Bí mo bá padà sí Oǹdó láìwò ó, kí ni màá wí? Pé mo dúró lórí rẹ̀, omi kò sì kọjá orúnkún mi, ṣùgbọ́n n kò mọ̀? Ojú ni wọ́n ní kí n yá wọn. Ojú náà ni mo gbé pamọ́.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, mò ń wẹ ọmọ. Ẹ mọ bí a ṣe ń ṣe é: mo tẹ́ ẹsẹ̀, mo gbé e lé e, mo fi àdín ra á lára, mo nà án, mo sì bu omi sí i lójú lójijì. Ó ké, ó gbé ẹ̀mí mì, lẹ́yìn náà ó dákẹ́, ó ń wò mí. Ọmọbìnrin mi jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń mu ẹ̀kọ.

"Mọ́mì, ẹ̀yin le gan-an o. Ẹ ń bu omi sí ọmọ ọlọ́mọ lójú láràárọ̀, ẹ sì sá fún omi tiyín lánàá."

"Gbẹ́nu dákẹ́, mu ẹ̀kọ rẹ."

"Mo ń mu ún. Ọmọ yìí náà ì bá sọ ohun tí mo sọ, ẹnu ni kò tíì ní."

Nígbà tí mo wẹ ọmọ tán, tí mo gbé e fún ìyá rẹ̀, mo bu omi mìíràn sínú ọpọ́n rẹ̀, mo sì ti ilẹ̀kùn. Mo ki ojú bọ̀ ọ́. Mo yára gbé e jáde. Mo tún ki ojú bọ̀ ọ́.

Mo kọ́ ọ bí mo ṣe ń kọ́ gbogbo ẹ̀kọ́ mi, láìfo ojú ewé. Ojú nìkan ni mo kọ́kọ́ ń kì bọ̀ ọ́. Nígbà tí ìyẹn kò le mọ́, mo rán ọmọ mi lọ gba awò náà wá, mo sì fi awò kọ́ ọ. Lẹ́yìn èyí ni mo fi ọ̀pá tí a fi ń mí kún un, títí mo fi lè gbọ́ èémí mi tó ń lọ tó ń bọ̀ láìbẹ̀rù rẹ̀. Ní ọjọ́ kan, ọkọ ọmọ mi ti ibi iṣẹ́ dé, ó rí mi lórí ọpọ́n, ó sì dọ̀bálẹ̀ kí mi. Ojú mi wà nínú omi, n kò lè dáhùn. Ọmọ tí a tọ́ dáadáa ni. Ó wà lórí ìdọ̀bálẹ̀ títí mo fi gbórí sókè. Ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́, mà," ó dìde, ó sì wọ yàrá rẹ̀ lọ láìbi mí ní ohunkóhun.

Nígbà tí mo padà sí etíkun, kò ya obìnrin náà lẹ́nu. Ó wọ̀ mí ní ẹ̀wù tó ń mú ènìyàn léfòó, ó mú ọwọ́ mi, a sì rìn wọ omi títí ó fi dé ìgbáròkó mi. Ó ní kí n má kánjú. Mo ki ojú bọ̀ ọ́. Òkun kì í ṣe ọpọ́n. Ó tì mí, ọ̀pá yẹ̀ lẹ́nu mi, iyọ̀ sì kún ọ̀fun mi. Mo dìde, mo wúkọ́. Obìnrin náà ń wò mí, kò sọ fún mi pé kí n dáwọ́ dúró, kò sì ní kí n tún un ṣe. Mo to ọ̀pá náà sẹ́nu bí ó ti yẹ, mo rántí ọmọ tó wà lẹ́sẹ̀ mi láràárọ̀, bí ó ṣe ń ké, tí ó sì ń dákẹ́. Mo tún ki ojú mi bọ òkun. Lọ́tẹ̀ yìí, mo fi í síbẹ̀.

Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ ọ́? Ohun tí mo ti pè ní àkàrà jíjóná ti di ìlú. Àwọn kan tẹ́ bí ọpọ́n ayò, àwọn kan ga, wọ́n yà bí ìwo àgbọ̀nrín, àwọn kan ṣù bí òkìtì ọ̀gán. Ewé tútù, òféfèé, àwọ̀ ẹyin ẹyẹ, àwọ̀ obì. Gbogbo rẹ̀ wà níbẹ̀ nísàlẹ̀ mi. Ẹja aláwọ̀ òdòdó ọ̀gẹ̀dẹ̀ ń gba àárín wọn kọjá, ẹja onílà dúdú àti funfun ń ṣa nǹkan jẹ lára òkúta. Omi náà sì mú kí ohun gbogbo tóbi, bí ìgbà tí mo bá wọ awò mi láti fi okùn bọ ojú abẹ́rẹ́. Mo gbọ́ èémí mi. Ó ń lọ, ó ń bọ̀. Kò sí ẹ̀rù nínú rẹ̀ mọ́.

Obìnrin náà fà mí rọra lọ sí ìdí òkìtì kan tí ó dà bí ẹni pé òdòdó bò ó lórí. Òdòdó kọ̀ọ̀kan ní ọrùn gígùn, ó sì ní àwọn ìka tẹ́ẹ́rẹ́ yí ẹnu kan ká. Wọ́n ń mì lẹ́gbẹ̀lẹ́gbẹ̀. Ó gbé ọwọ́ rẹ̀ jìnnà sí wọn, ó sì fẹ́ omi sí wọn lára. Ní ìṣẹ́jú àáyá, gbogbo àwọn ìka náà wọlé. Òkúta lásán ló kù. A dúró. Wọ́n tún yọjú, ọ̀kan ṣáájú, lẹ́yìn náà méjì, lẹ́yìn náà gbogbo ilé.

Mo pariwo sínú ọ̀pá náà. Obìnrin náà sọ fún mi lẹ́yìn náà pé ó dún bí fèrè ọkọ̀ ojú omi.

Síbẹ̀, kí a tó padà dé etíkun, mo ti ń gbọ́ ohun tí ìyá mi yóò wí. Patanmọ́ wà lóko wa. Bí a bá fọwọ́ kàn án, ó ń pa ewé rẹ̀ dé, bí a bá kúrò, ó tún ń ṣí i. Kò sí ẹni tó ń pe patanmọ́ ní ẹranko. Mo mọ ìyá mi. Ibẹ̀ gan-an ni wọn yóò gbà yọ sí mi. Nítorí náà, mo bẹ obìnrin náà pé kí a tún padà lọ. Mo ní mo fẹ́ rí i bí ó ṣe ń jẹun. Ó ní bí mo bá ní sùúrù, ìgbà tí òkun bá ń kún bọ̀, tí ó ń gbé àwọn ohun kéékèèké wọlé, ni ó dára jù.

Sùúrù ni iṣẹ́ mi. Mo léfòó síbẹ̀ lójú kan, mo ń wo òdòdó kan ṣoṣo bí mo ṣe ń wo ojú ìlẹ̀kẹ̀. Ọ̀pọ̀ nǹkan kọjá lára rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ohun kan tí kò tó ọmọ edé, tí ara rẹ̀ mọ́ bí gíláàsì, fẹsẹ̀ kan ìka rẹ̀ kan. Kò lè kúrò mọ́. Ìka náà tẹ̀, èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ náà tẹ̀, wọ́n sì gbé e lọ sí ẹnu àárín ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ìyá àgbà tó ń fi òkèlè kékeré sẹ́nu. Ẹnu náà gbà á. Mo wò ó títí n kò fi rí ohun náà mọ́.

Mo bi obìnrin náà nípa iyùn pupa tó wà lọ́rùn mi. Ó wò ó dáadáa. Ó ní irú èyí kì í hù lọ́dọ̀ wọn, pé òkun mìíràn ni, níbi tí ó jìn tí ó sì ṣókùnkùn, òun náà kò sì rí i láàyè rí. Ṣùgbọ́n ẹbí kan náà ni wọ́n. Mo fi èyí náà pamọ́ sínú, nítorí pé ara ohun tí wọ́n rán mi ni.

Nígbà tí mo padà dé Àkúrẹ́, kíláàsì kò jẹ́ kí n jókòó. Tíṣà nawọ́ ẹfun sí mi pé kí n bọ́ síwájú pátákó. Ọkùnrin alẹ́táyà ní, "Mọ́mì, ṣé ẹ bi ẹranko náà bóyá ó mọ ìjòyè tí ẹ so ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mọ́ lọ́rùn?" Mo ní ẹ fara balẹ̀. Ẹni tó rán mi níṣẹ́ ni yóò kọ́kọ́ gbọ́.

Ní Oǹdó, ìyá mi ti gbé àga síta kí n tó dé. Mo sọ gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, n kò yọ ọpọ́n ọmọ sílẹ̀, n kò yọ iyọ̀ tí mo mu sílẹ̀. Wọn kò dá ọ̀rọ̀ mọ́ mi lẹ́nu títí mo fi dé ibi tí àwọn ìka náà ti wọlé.

"Ṣé patanmọ́ ni ẹranko?"

"Ẹ jẹ́ kí n parí, Màmá. Mo rí i tí ó jẹun."

"Kí ló jẹ?"

"Ohun kan bí ọmọ edé."

"O rí i tí ó jẹ edé? Ojú rẹ?"

"Ojú mi yìí."

Wọ́n mú ẹ̀ka àjogúnbá náà sórí itan. Wọ́n di ojú wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ìyàtọ̀ mọ́ nínú dídi àti ṣíṣí rẹ̀, wọ́n sì ń fi èékánná wá a kiri. Ó pẹ́ kí wọ́n tó dúró lójú kan.

"Ihò wà níbí. Kéékèèké. Mo ti ń gbọ́ wọn láti kékeré, mo sì rò pé kòkòrò ló jẹ ẹ́."

"Yàrá wọn ni, bí mo ṣe rò ó. Ṣùgbọ́n, Màmá, èyí tí mo rí kì í ṣe pupa. Ẹbí rẹ̀ ni. N kò rí pupa."

"O kò rí pupa."

"N kò rí i. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti rí ewúrẹ́ kò ní pe àgùntàn ní igi."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí n kò gbọ́ láti ẹnu wọn láti ìgbà tí ojú wọn ti ń ṣú. Wọ́n na ọwọ́ sí mi, wọ́n wá ojú mi rí, wọ́n sì fi àtàǹpàkò pa ìpéǹpéjú mi méjèèjì, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, bí ẹni tó ń dán ìlẹ̀kẹ̀ wò.

"Ojúlówó ni," wọ́n wí.

A ṣì wà lórí èyí nígbà tí oníbàárà kan dé, ìyàwó ẹni tó fẹ́ jẹ oyè, tó wá kí wọ́n wọn ọrùn òun. Ó kúnlẹ̀ kí wọn, ó sì rí ẹ̀ka tó wà lórí itan wọn.

"Òkúta iyùn yìí mà dára o, Màmá."

"Kì í ṣe òkúta."

"Ẹ má bínú, mà. Igi ni, bí ẹ ṣe máa ń wí."

"Ta ló wí pé igi ni?"

Obìnrin náà wò mí. Mo wo òrùlé.

"Ẹranko ni," ìyá mi wí. "Ó ń jẹ edé."

"Ẹran kẹ̀, Màmá? Ta ló sọ fún yín?"

"Ọmọ mi ki ojú bọ òkun, ó sì wò ó. Ìwọ, o ti ki ojú bọ òkun rí?"

"Rárá, mà."

"Nígbà náà, jókòó, kí n wọn ọrùn rẹ."